Àpótí Amóúnjẹgbóná àti Ẹyẹlé Bàbá Rífáátì

Rífáátì ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ẹ lórí ìdúró, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí eruku Káírò wọ̀ ẹ́ láyà, kó sì máa ṣọ́ ẹ lọ, ṣọ́ ẹ bọ̀ láàárín àwọn mọ́tò tí kì í dúró fúnni yẹn. Àwa náà wà. Orúnkún mi ń dùn mí bó o ṣe fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ ń kí ẹ, àwọn ẹyẹlé rẹ̀ náà ń kí ẹ, wọ́n ti pọ̀ ju èèyàn abúlé lọ.

Ọ̀rọ̀ máíkírówéèfù, àpótí amóúnjẹgbóná tó o rà ránṣẹ́, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O ní kí n yéé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ààrò, o ṣeun, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tó dé, mo ní àlejò pàtàkì ni, n ò lè fi àwo lásán pàdé rẹ̀. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí àwo ìgbéyàwó mi wà, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹun nínú wọn rí, mo mú èyí tó ní wúrà létí, mo bu ìrẹsì sí i. Ọmọ mi, mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nínú àpótí yẹn! Ìyá Sàbírì tó wá wòran láti ilé kejì sá jáde láìwọ bàtà. O wá sọ lórí fóònù pé irin àti wúrà ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Mo ní irú àlejò wo ló ń bínú sí wúrà?

Ọdún ìrúwé dé, tí a máa ń fi èèpo àlùbọ́sà pa ẹyin láró. Mo kó ẹyin mẹ́jọ pẹ̀lú èèpo àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Gbàmù! Bàbá rẹ rò pé ogun ti dé, ó sá lọ dáàbò bo àwọn ẹyẹlé, kò tilẹ̀ bèèrè mi. O ní kí n má dán ẹyin wò níbẹ̀ mọ́ láé, àti pé ohun tó bá ní awọ, kí n kọ́kọ́ gún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi fọ́ọ̀kì gún ohun gbogbo, ànàmọ́, tòmátì, títí dé ìrẹsì. Ó ń rẹ̀ mí.

Jímọ̀ tó kọjá ni wàhálà gan-an dé. Mo gbé itan adìẹ sí i, òde rẹ̀ ń jóni lọ́wọ́, àárín rẹ̀ tutù bí imú ajá. Bàbá rẹ ti jẹ ẹ́ dé egungun kó tó rí ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sáré lọ ẹ̀yìnkùlé. Ó wá búra pé tí òun bá ti mọ́sálásí dé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, òun á yọ ilẹ̀kùn máíkírówéèfù náà, òun á gbé e sórí òrùlé, pé àpótí tí kò mọ adìẹ í sè, bóyá ó mọ ẹyẹlé í tọ́. Ó ní kí n padà sídìí ààrò mi, ṣé ẹsẹ̀ mi gé ni.

Rífáátì, má jẹ́ kó gbé e lọ. O ti ṣàlàyé fún mi: kí n gé ẹran wẹ́wẹ́, kí n rò ó pọ̀ nígbà tó bá sè dé ìdajì, tí àpótí náà bá sì ké pípì, kí n má tíì fọwọ́ kàn án, kí n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí ooru lè dé inú, kí n tó la àárín rẹ̀ wò. Mo ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Tó bá ké, mo máa ń dá a lóhùn, màá gbé àga síwájú rẹ̀, màá jókòó. Kò sí iná láti fẹ́, kò sí eérú láti kó. Tí wọ́n bá pè mí, màá ní ìwọ lo ní kí n dúró tì í. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ, n ò jókòó lọ́sàn-án rí. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, àmọ́ orúnkún mi ti mọ̀ ọ́n.

Jọ̀ọ́, pe bàbá rẹ kí Jímọ̀ tó pé. Má dárúkọ orúnkún mi, kò ní gbọ́. Sọ fún un pé o gbọ́ pé ẹyẹlé tó bá sùn nínú rẹ̀ kì í yéyin mọ́. Má purọ́ o, ṣáà sọ pé o gbọ́ ọ. Èmi ni mo sọ fún ẹ.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àwo tí kò níyì rárá. Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò ro tìẹ, ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ, o ò ní ṣe aláìsàn nílùú onílùú.

Kí n má gbàgbé. Bá mi bi àwọn tó ṣe àpótí náà léèrè bóyá oúnjẹ kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá ti ké pípì. Ohunkóhun tí ì báà jẹ́, òun ni a ó máa jẹ lójoojúmọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sáníyà