Bàbá Olójú-Àṣá àti Káàdì Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo

Ní oṣù kẹta ọdún 1941 ni a bí Bàbá wa, tí ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mọ̀ sí Olójú-Àṣá, sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan. Aránṣọ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń ta bọ́tìnnì àti òwú níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n bá ṣeré dàgbà.

Wọ́n jáde ilé-ìwé ní 1958. Ní 1960, ilé ìtẹ̀wé gbà wọ́n láti máa yẹ ìwé wò kí ó tó di títẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jókòó sídìí tábìlì kan náà lẹ́bàá fèrèsé, tàwọn ti pẹ́ńsùlù pupa.

Ní 1968, wọ́n gbé ìyá wa níyàwó, akẹgbẹ́ wọn tí ń di ìwé pọ̀. Ìyá wa máa ń rojọ́ pé lẹ́tà ìfẹ́ tí àwọn kọ padà wá sọ́wọ́ àwọn pẹ̀lú àtúnṣe mẹ́ta.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní 2001. Ìyá wa kú ní 2009, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọdún náà ni káàdì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "silly", ni wọ́n mú. Òmùgọ̀ ni ayé ń fi í pè lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè pé alábùkún ló ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó wá di aláìmọwọ́-mẹsẹ̀, ó di ẹni àánú, ó di aláìlágbára, kó tó di òmùgọ̀. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ nínú páálí bàtà.

Ìtumọ̀ ti àtijọ́ wà nínú ìwé. Ti ìsinsìnyí ń fẹ́ ẹnu ènìyàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pè wá lórí fóònù ní gbogbo Sátidé, pé ká ṣáà máa sọ̀rọ̀, àwọn ń gbọ́. A kò ní parọ́ mọ́ òkú: ó sú wa. A ní iṣẹ́ pọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá ló ń tún ìwé ètò ìsìnkú gbogbo ènìyàn yẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ìwé ètò tiwọn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wá. Ẹni tí ì bá tún un ṣe ló sùn yìí.

Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, 2023. Nínú páálí, káàdì oṣù keje sọ pé ọmọ-ọmọ wọn pè wọ́n ní "silly" lórí fóònù, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìtumọ̀ tuntun: ẹni tí a fẹ́ràn." Káàdì mọ́kànlá ló tẹ̀lé e, Sátidé kan, káàdì kan. Ọjọ́ nìkan ló wà lára wọn. Bàbá pè wá ní àwọn Sátidé yẹn. A kò gbé fóònù. Háà, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ti fi pẹ́ńsùlù pupa kọ ọ̀rọ̀ sí káàdì mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Àwọn káàdì náà wà lábẹ́ ọwọ́ Bàbá nínú pósí.

Ilé kún lónìí, gbogbo wa ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ sùn re o, Bàbá.