Omi Àmù Nínú Ìgò Ìjọba

Yàrá rẹ,
Ìta Fájì, Èkó.
Oṣù Kẹwàá, 1978.

Morufat ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ ní Kútọnu tí wọ́n rán ọ lọ, àbí búrẹ́dì gígùn wọn yẹn nìkan ni wọ́n fi ń bọ́ ọ? Ọlọ́hun Ọba tó mú ọ kọjá ibodè lọ ni yóò mú ọ kọjá rẹ̀ bọ̀ láyọ̀, o kò ní pàdé aburú lọ́nà, àwọn sójà ibodè kò ní da ojú ẹrù rẹ délẹ̀. Àámín. Bàbá rẹ kí ọ, Mọ̀núrù ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ, ìyàwó rẹ̀ náà kí ọ. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti bí méjì.

Má jẹ́ kí àyà rẹ já pé inú yàrá rẹ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni mo wá sí Èkó wá bá ọ, wọ́n ní o ti lọ sí Kútọnu, ni Ìyá Àmúdàtù onílé rẹ bá fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Obìnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n ilé wọn há, bí ẹni tó wà ní yàrá kejì bá sín, èmi ni mò ń kí i pẹ̀lẹ́. Mo ti gbá ilẹ̀, mo sì ti fọ àwọn aṣọ tó wà nínú agbọ̀n.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Ìwé kan dé láti ọ́fíìsì yín ní Oníkàn sọ́wọ́ Baálẹ̀ wa, tíṣà sì kà á sétí gbogbo abúlé. Ó ní ìjọba Nàìjíríà àti ìjọba Bìní ti jọ yẹ omi odò Ìdí-Àfọ̀n wò, wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, omi náà mọ́ tónítóní, nítorí náà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró lókè odò ní òdìkejì ààlà kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo bèèrè pé kí ló kan Ọba Ìbíní nínú omi wa, kí tíṣà tó ṣàlàyé pé Dàhòmì ló ti yí orúkọ padà. Ìlú tó dàgbà tó yẹn, n kò mọ ohun tó rí lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, o mọ odò yẹn. Lónìí á pupa, lọ́la á dúdú, ẹja á máa léfòó pẹ̀lú ikùn lókè. Àwọ̀n Mọ̀núrù ń já bí òwú tó ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ ń bó, ọmọ rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú sì ń yàgbẹ́ gbuuru títí di òní, wọ́n ní ọsibítù kí a má fún un lómi odò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òjò ti ń lọ, a kò sì ní kànga. Nígbà tí tíṣà ka ìwé náà tán, ojú gbogbo èèyàn yí sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní ọmọ mi ló gbé omi lọ, ọmọ mi ló mọ ohun tó ṣe é. Wọ́n ní àwọn aláró òdìkejì ti fún ọ ní rìbá, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí o fi ń lọ Kútọnu bí ẹni ń lọ sọ́jà. Láti ọjọ́ náà fùfú mi kò tà mọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo di ẹrù, mo wọ mọ́tò, mo ní ẹnu rẹ ni n óò ti gbọ́ ọ.

O rántí ọjọ́ tí ẹ wá, ìwọ àti ọ̀gá rẹ àti Alájì tó wá láti Kútọnu. Mo bi ọ́ pé ta lẹ ń wá, o ní Pọlúṣọ̀n. O ní òkè odò lọ́dọ̀ àwọn Alájì ló ti ń bọ̀, kò mọ ààlà, bí ìjọba wa bá fẹ́ mú un níhìn-ín, ọ̀hún ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, ìdí nìyẹn tí ìjọba méjèèjì fi fọwọ́ sí òfin kan náà, tí wọ́n jọ ń wọ inú odò. Mo ní wọ́n ṣeun. Morufat, èèyàn ni mo rò pé ó jẹ́! Orúkọ rẹ̀ jọ ti àwọn ará Èkó, Jọ́nsìn, Tọ́msìn, Pọlúṣọ̀n. Mo sọ fún Mọ̀núrù pé bí ó bá rí àjèjì tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá, kí ó da àwọ̀n bò ó kí ó sì figbe ta. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣàdúà lẹ́yìn ìrun, mo ní kí Ọlọ́hun mú un lẹ́sẹ̀.

Àwọn ìgò yẹn ńkọ́, àwọn tí ẹ fi bu omi odò, tí o gbé wá sùn nínú yàrá mi? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí o lọ wẹ̀, mo gbọ́ òórùn nínú àpótí rẹ, mo sì ṣí i. Ìgò dúdú bí ìgò oògùn, bébà lẹ̀ mọ́ ìdérí wọn, omi odò burúkú yẹn ló wà nínú gbogbo wọn. Ojú tì mí. Mo rò pé bí àwọn Alájì ṣe ń gbé omi Sàmúsàmù bọ̀ láti Mẹ́kà ni Alájì yìí ṣe fẹ́ gbé omi ìlú wa lọ fún àwọn èèyàn rẹ̀, wọn yóò sì máa sọ ní Kútọnu pé ohun tí ìyá Morufat ní fún àlejò nìyẹn. Mo fi ooru ìkòkò ẹ̀kọ rọ bébà náà títí ó fi ṣí láìya, mo da omi yẹn nù, mo fi ọṣẹ fọ àwọn ìgò, mo bu omi òjò inú àmù mi sí wọn, omi tó tutù nini, mo sì fi ẹ̀kọ lẹ bébà padà. Ó gún régé. N kò sọ fún ọ, nítorí n kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń ṣe àṣehàn.

Ní Oníkàn, akọ̀wé yín tó ń jẹ́ Káyọ̀dé ló dá mi lóhùn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ó fún mi níjókòó. Ó wo ìwé, ó ní Màmá, omi yín dára o. Mo dúpẹ́, mo ní omi àmù mi ni, mo sì ròyìn bí mo ṣe ṣe é fún un. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé Pọlúṣọ̀n kì í ṣe èèyàn, ẹ̀gbin tí wọ́n ń dà sínú odò ni, inú àwọn ìgò yẹn ni ẹ ti mú un, èmi ni mo sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ilé mi. Mo bi í pé kí ni ṣíṣe.

Ó mú mi lọ bá ọ̀gá rẹ, ọ̀gá rẹ sì fi fóònù pe Alájì ní Kútọnu. Wọ́n gbé e sí mi létí, mo tú gèlè, mo kúnlẹ̀ kí ó lè rí i pé mo bọ̀wọ̀ fún un. Mo ní àsàlámù àlékùm, ó dáhùn. Ó gbọ́ Yorùbá, ó ní ará Àjàṣẹ́ nítòsí Kútọnu ni ìyá tó bí òun. Mo bèèrè rẹ, ó ní o ti bá àwọn kan lọ sí òkè odò, o kò ní padà kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n padà wá bu omi. Ó ní òun ṣe tán, ìjọba òun náà kò ní kọ̀, ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ ti Èkó wá lákọ̀ọ́kọ́, tí yóò sọ ìdí tí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò fi dára.

Ọ̀gá rẹ wá sọ òótọ́ fún mi. Ó ní bí mo bá fọwọ́ sí ìwé náà pé èmi ni mo pààrọ̀ omi, wọn yóò bi ọ́ bí ẹlòmíràn ṣe rí ìgò tó wà níkàáwọ́ rẹ ṣí, wọ́n sì lè dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní bí n kò bá sì fọwọ́ sí i, kí n máa lọ sílé, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní odò ńkọ́? Ó gbé ìwé náà síwájú mi.

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Mo jáde lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pápá ìṣeré, mo sunkún níbẹ̀, àwọn tó ń kọjá rò pé ẹnì kan ló jà mí lólè. Mo rántí gbogbo fùfú tí mo gbé sórí kí o tó di ẹni tó ń wọ bàtà gogoro lọ sí ọ́fíìsì. Mo rántí ọmọ Mọ̀núrù bó ṣe rù. Mo rántí orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ ní abúlé. Mo padà wọlé. Káyọ̀dé gbé yíǹkì wá kí n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo ní rárá. Mo gba bírò, mo kọ Àlímọ̀t bí ìwọ fúnra rẹ ṣe kọ́ mi ní ìwé kíkọ lórí síléètì. Ó ṣe é kà dáadáa.

N kò ní dúró dè ọ́. Bí mo bá rí ojú rẹ, mo lè sáré padà sí Oníkàn lọ gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Owó oṣù yìí, bí wọ́n bá ṣì san án fún ọ, jọ̀ọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, a fẹ́ ra dúrọ́ọ̀mù tí a ó máa fi gbe omi òjò fún ọmọ Mọ̀núrù kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Bí wọ́n bá sì dá ọ dúró, wá sílé, má sì fi òru wọlé. Ọ̀sán gangan ni kí o dé. N óò pàdé rẹ ní gáréèjì, èmi ni n óò ru àpótí rẹ, àárín ọjà ni a ó gbà kọjá, n óò sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò wá pé ọmọ mi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ṣe é.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá sì bọ́, kò ní jẹ́ kí o kọ̀ mí ní ìyá. Àámín.

Èmi ni,
Àlímọ̀t, ìyá rẹ.