Ohun Tó Kù Nínú Àwọn Adìẹ Bàbá Yín

Nínú ilé wa,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ mi, abíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ. Ó wù mí kí ìwé yìí bá yín nínú ara líle, kí ikọ́ tó ń bá ọmọ náà jà lọ́jọ́sí sì ti lọ pátápátá. Ara tèmi kò ṣe nǹkan kan, kí àyà rẹ má já. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn kí ó lọ.

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni o ti ń bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mo máa ń sọ pé "kò sí nǹkan kan" tí mo sì ń sáré gé ọ̀rọ̀ kúrú. Nǹkan wà. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́ ni. Tí mo bá ń kọ ọ́ báyìí, o kò ní gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n.

Àìsàn wọ inú àwọn adìẹ bàbá yín. Nínú mẹ́rìndínláàádọ́ta, mẹ́ta ló kù.

O mọ àwọn adìẹ náà, àmọ́ o ti kúrò nílé kí o tó mọ iṣẹ́ tó wà nídìí wọn. Abọ́lọ́rùn pupa, tí ìyẹ́ kò sí lọ́rùn wọn rárá, tí ẹ̀yin ọmọ máa ń pè ní "àgbà tó gbàgbé kọ́là ẹ̀wù". Ọwọ́ ìyá bàbá yín ni bàbá yín ti gbà wọ́n, ó sì tọ́jú wọn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìjẹ́ kí adìẹ mìíràn dà pọ̀ mọ́ wọn. Ilé mẹ́ta ló kọ́ fún wọn. Àgékù aṣọ tó bá bọ́ lára iṣẹ́ ìránṣọ mi ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ń so wọ́n lẹ́sẹ̀: pupa fún ilé kìíní, funfun fún ilé kejì, búlúù fún èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Lọ́dọọdún, àkùkọ ilé pupa á lọ sí funfun, ti funfun á lọ sí búlúù, ti búlúù á padà sí pupa, kí àkùkọ kankan má baà gun ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀. Èyí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wọ́, bàbá yín kì í jẹ́ kó bímọ. Èyí tó bá pa ẹyin tì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó máa ń sọ pé, "Èyí tó rẹwà pọ̀ nílẹ̀. Èyí tó máa jókòó ti ẹyin rẹ̀ títí di ọjọ́ kọkànlélógún ni mò ń wá." Láti ọdún mẹ́rin tí bàbá yín ti kú, èmi nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tí o mọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ń bọ̀ láti ìrìn àjò ọkọ̀ tó ń wà, ó rí àwọn tó ń ta adìẹ funfun ńláńlá lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ra mẹ́wàá fún mi. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń parí yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọléèwé. Kí n tó délé, ó ti kó wọn sínú ilé funfun kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó wà ní kékeré. "Màmá, ẹ wò ó, ojoojúmọ́ làwọn wọ̀nyí máa ń yé. Ẹ óò lè sinmi." Mo sáré kó wọn jáde, àmọ́ wọ́n ti jọ mu omi nínú abọ́ kan náà.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọrùn. Lúkúlúkù ni, àìsàn tó máa ń pa adìẹ run. Àwọn mẹ́wàá tó rà kú tán, ilé funfun tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ilé pupa. Mo ń gbá òkú adìẹ bí ẹni ń gbá ewé. Ilé búlúù jìnnà, mo rò pé wọ́n ti bọ́, àfi ìgbà tí mo rí i pé àkùkọ wọn ti dorí kodò. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn nínú òkú ní iwájú ni mo fi ń gbé omi lọ fún àwọn ti ẹ̀yìn. Èmi tí mo ti ń sin adìẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Abo mẹ́ta péré ni kò ṣàìsàn níbẹ̀, n kò sì ní àkùkọ kankan mọ́.

Dókítà ẹran, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló gbà mí. Ó ní, "Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Bí àkùkọ bá tilẹ̀ ti kú, ẹyin tí wọ́n bá yé fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i ṣì lè ní ọmọ nínú. Ẹ bá mi kó gbogbo rẹ̀ jọ." Mọ́kànlá ni mo rí. Ó kó wọn lọ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Méje kò ní nǹkan kan nínú. Mẹ́rin pa.

Kí wọ́n tó pa ni ẹ̀gbọ́n rẹ tún wá. Ó rí àwọn ilé tó ṣófo, ó dojú korobá dé, ó jókòó lé e. "Màmá, ṣé àwọn tí mo rà ni?" Mo ti múra irọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Àmọ́ ó ń wojú mi, irọ́ náà kò sì jáde. Mo ní, "Àwọn ló gbé e wọlé. Ẹsẹ̀ tèmi ló gbé e dé ẹ̀yìn ilé ìdáná." Ó dìde. Kò dágbére. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, n kò fojú kàn án, fóònù rẹ̀ kò sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ló rẹ̀ mí ju ikú àwọn adìẹ lọ. Láràárọ̀, ọwọ́ mi ṣì ń bu àgbàdo adìẹ mẹ́rìndínláàádọ́ta, kí n tó rántí, kí n dá a padà sínú àpò. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí wa sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbìyànjú." Mo bu omi lọ fún àwọn mẹ́ta tó kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ dé láàárọ̀ Sátidé kan. Ó ti kọ́kọ́ lọ bá dókítà ẹran fúnra rẹ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu géètì, ó fi omi oògùn fọ ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó tú ilé pupa àti ilé funfun palẹ̀, ó sun pákó wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan tuntun. Gbogbo Sátidé ló ń wá láti ìgbà yẹn. Mò ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà kó àwọn mẹ́rin náà wá, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì ti dàgbà tó láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Abo ni mẹ́ta, abọ́lọ́rùn pátápátá. Akọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ìyẹ́ bo ọrùn rẹ̀ láti etí dé èjìká. Ẹ̀gbọ́n rẹ wò ó títí. "Eléyìí ńkọ́, Màmá? Kò jọ wọ́n rárá. Ṣé ká pa á ni?"

Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún mi fún un: tí akọ yìí bá gun àwọn abọ́lọ́rùn, abọ́lọ́rùn yóò wà nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ ilé ni. A kò ní pa á."

Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ fún mi láṣọ búlúù." Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó so ó le jù. Mo tú u, mo tún un so.

N kò ní tàn ọ́. Àkùkọ kan àti abo mẹ́fà, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹbí kan náà, kéré jọjọ. A máa ní láti wá àwọn tí bàbá yín ti fún ní ẹyin rí, bóyá ìran tiwọn ṣì wà níbì kan. Ọdún púpọ̀ ni, ọdún méjìdínláàádọ́rin sì ni mo ti lò láyé. N kò kọ̀wé yìí kí o lè wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Má ṣèlérí kankan. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ó rẹ̀ mí, àti pé n kò tíì jáwọ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí asán. Ọmọ tí o gbé pọ̀n yóò dàgbà lójú rẹ, yóò sì sin ọ́ gbó. Ilẹ̀kùn ilé ọkọ rẹ kò ní gbàlejò ẹkún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.

Mo tún rántí: jọ̀wọ́, pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ojú ń tì í láti pè ọ́, ó rò pé o ti gbọ́. Bi í léèrè iṣẹ́, bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kí o jẹ́ kó pẹ́ lórí fóònù. Má dárúkọ adìẹ.