Ìkẹ́dùn Lórí Ìpapòdà Olùkọ́ Tí A Ń Pè Ní Màmá Ẹ-Dijú

Sí ọkọ olóògbé, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, tí ìtìjú sì lọ́ mọ́ ọn, ni àwa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní yunifásítì yìí fi ń kí yín kú ará fẹ́ra kù, lórí ìpapòdà aya yín, ìyá yín, olùkọ́ tó bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ fún ọmọ tí kò ríran. Bébà líle tó ní àmì kóko-kòko lára ni ìwé afọ́jú. Ìka ni wọ́n fi ń kà á. Ṣùgbọ́n àwa tí a ríran, ojú la fi ń kà á. A ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kí òjìji àmì lè hàn. Olóògbé kò fẹ́ràn ìrẹ́jẹ yìí rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jókòó ni wọn yóò ní, "Ẹ dijú." Lọ́dún kan, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan dijú, ó tẹrí ba, ó dúró títí, ó sì ṣe "Àmín" rara. Olóògbé ní, "Àdúrà ti gbà. Ó yá, nawọ́." Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti mọ́ wọn lára.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa láìfi ìka ka odindi ojú ìwé kan. Wọ́n ní ẹni tí ìka rẹ̀ kò ṣìnà rí kò lè mọ ibi tí ìka ọmọ ti ṣìnà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e wá sípàdé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi olórí ẹ̀ka dá a padà. Mo ní àkókò kò sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: owú ni mo ń jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa tò sẹ́nu ọ̀nà wọn, tèmi a ṣí sílẹ̀ gbayawu. Afọ́jú kan tí mo kọ́ fún ọdún méjì gbáko a máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn láti òkèèrè, a sì kí wọn. Bí èmi bá kọjá, a ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ta nìyẹn?"

Nígbà tí a wá kí yín, àkọ́bí olóògbé sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin lẹ jẹ màmá wa. Àjẹkù ni tiwa." Ó sì tún béèrè bóyá ohun tí ìyá òun bá wa jà lé lórí yóò bá wọn wọ ilẹ̀.

Rárá o. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo gbé àbá náà kalẹ̀, ìpàdé sì fọwọ́ sí i. Ó di òfin láti ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún olùkọ́. Èmi náà ti ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ afọ́jú tí mo mẹ́nu bà lókè yìí. Ìlà mẹ́rin péré ni mo lè kà.

A bá àkájọ bébà alámì kóko-kòko kan nínú àpótí wọn, ìtàn tí wọ́n tẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ nígbà tí ẹ wà ní kékeré. A kò ní mú un sọ́dọ̀ wa. A ó gbé e wá fún yín, pẹ̀lú ẹni tí yóò fi ìka kà á sí yín létí.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ibi tó ń dun kálukú yín, gbé ọwọ́ lé ibẹ̀ gan-an. Kí ó fún Bàbá ní oorun. Kí ó sì dá ìyá yín padà fún yín nínú ìrántí, lódindi, láìsí ẹni tí yóò bá yín pín in. Àmín.

Olórí Ẹ̀ka,
lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́