Ìyá Oníbúrẹ́dì Tó Kọrin Lábẹ́ Àwókù Ilé

Ọdún 1946 ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníbúrẹ́dì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Gbogbo ará ilé náà ló lóhùn orin. Ìyá wa nìkan ni ohùn fò dá.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì, wọ́n sì ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, kápẹ́ńtà, ní ọdún 1968. Nígbà tí wọ́n wọ kọ́áyà ìjọ, kò pẹ́ tí ọ̀gá kọ́áyà fi rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú máa tọ́jú aṣọ. Wọ́n gbà tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ń lọ aṣọ, wọ́n ń kọrin, àwọn aládùúgbò sì ń ti fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọdún 1983, ilé alájà tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì nísàlẹ̀ rẹ̀ dà wó. Ìyá wa àti obìnrin tó ń bá wọn po ìyẹ̀fun há sẹ́yìn ààrò, òpó sì tẹ ẹsẹ̀ ìyá wa mọ́lẹ̀. Àwọn panápaná gbẹ́ iwájú títí, wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá ní kí katakata wá kó àwókù náà. Ìyá wa ń kọrin ìyìn. Obìnrin yẹn, tó wà láàrin wa lónìí, ní òun bẹ̀ wọ́n pé, "Ìyá, ẹ dákẹ́, ó ti parí." Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ Olúwa ò tíì lé mi kúrò nínú kọ́áyà tirẹ̀." Wọ́n tún gbé orin, wọ́n tún ṣì í kọ.

Katakata ti ń sún mọ́lé nígbà tí bàbá wa gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n sáré dúró níwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì: "Ìyàwó mi nìyẹn! Ta ló tún lè ba orin yẹn jẹ́ tó báyẹn?" Ẹ̀yìn ni wọ́n wá gbẹ́, àwọn méjèèjì sì jáde láàyè. Títí dòní, orí wa ń wú bí a bá rántí rẹ̀. Ọ̀gá kọ́áyà wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní aṣọ ṣì wà nílẹ̀ láti lọ̀.

Bàbá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú obìnrin yẹn, tó ní kí a ka òun mọ́ ọmọ, nítorí abẹ́ àwókù ni wọ́n ti tún òun bí.

Kọ́áyà yóò kọ orin náà lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbóhùn sókè.

Ìyá wa, ẹ sùn re o. Ẹ má dákẹ́ orin. Ohùn yín la ó fi mọ ibi tí ẹ wà.