Sípíkà Tí Kò Ní Iwájú, Tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àdúrà, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí, bí yìnyín tilẹ̀ ti bo ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ bá mi kí Bàbá lórí àga wọn, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. Ẹ kí Ṣẹ́gun àbúrò mi, kí ẹ sì kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Fìdítì. Nítorí tiwọn ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí ní gbangba kí gbogbo wọn lè kà á, kí ẹ má baà kà á tán kí ẹ fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ móoru ju ilé mi lọ, inú mi sì máa ń dùn láti lọ síbẹ̀. Tí mo bá padà délé ni àìrẹ́nibárò máa ń bá mi fínra. Orin ìkórè tí Ṣẹ́gun fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ni mo fi ń tu ara mi nínú, èyí tí wọ́n gbà sí kásẹ́ẹ̀tì lọ́dún tí àwọn akọrin Ìlọrà àti Awẹ́ wá bá wa kọrin, tí ẹ̀yin dá orin.

Màmá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù dùn mí. Ẹ ní wọ́n bẹ̀ yín títí kí ẹ dá orin ní ìkórè tó ń bọ̀, ẹ kọ̀. Ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti fi hàn yín pé ohùn yín ò jẹ́ nǹkan kan, pé àwọn ọkùnrin oníbáàsì ló gbé e mì. Ó yà mí lẹ́nu, torí Bàbá kì í gbọ́ orin náà kí wọ́n má dijú tí ẹ bá ti gbé e.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo lọ ra sípíkà fún yàrá kékeré tí mo ti ń gbọ́ orin. Ọkùnrin tó ń tà á mú mi wọ yàrá kan tí àga ńlá kan ṣoṣo wà láàárín rẹ̀, tó kọjú sí sípíkà méjì. Ó ní kí n jókòó. Ara mi kọ̀ ọ́! Kí n jókòó sórí àga àgbà tó dá wà láàárín pálọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ mi? Bàbá òyìnbó kan ń wo ọjà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n jókòó, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lápá ibi tí sípíkà ọ̀tún wà. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní orí àga yẹn nìkan ni orin ti ń dún bó ṣe yẹ. Mo ní kó fi orin tiwa sí i. Bí ẹ ṣe wí gan-an ni mo gbọ́: báàsì, báàsì ṣáá. Ṣùgbọ́n bàbá orí àga ń mi orí, wọ́n ń béèrè ta ni obìnrin tó ń kọrin bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Ní pálọ̀ wa, àga Bàbá ló kọjú sí sípíkà méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin, orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lẹ máa ń jókòó sí, tí ẹ ó máa bó ọsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ọ̀tún, níbi tí ohùn àwọn ọkùnrin ti ń jáde. Sípíkà òsì ni ohùn yín ti ń jáde, Bàbá tó wà láàárín ló ń gbọ́ ọ dáadáa.

Mo bi ọlọ́jà bóyá ó ní èyí tí kì í ṣojúsàájú. Ó gbé méjì jáde, gàgàrà bí òpó, ẹnu wọn kọjú sí òkè àjà, wọ́n ń fọ́n ohùn yí gbogbo yàrá ká. Ó sọ òtítọ́ fún mi pé àwọn kan ò fẹ́ràn rẹ̀, torí èèyàn kì í lè tọ́ka sí ibi tí akọrin kọ̀ọ̀kan dúró sí. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Màmá, ẹ gbé e! Ibi ògiri náà ni mo wà o. Mo rìn yí yàrá ká, mo lọ sẹ́yìn sípíkà pàápàá, ẹ wà níbẹ̀. Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, mo sunkún, bàbá òyìnbó pàtẹ́wọ́.

Mi ò ra tèmi mọ́, ẹ̀yin ni mo rà á fún. Ẹ má bi mí ní iye. Ó ti gúnlẹ̀, Ṣẹ́gun á gbé e wá ní Sátidé. Kó má fi ti ògiri o, kó fi àyè sílẹ̀ yí i ká, kó sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, torí sìmẹ́ǹtì lásán á jẹ́ kó máa dún gbàgà. Kí ẹnikẹ́ni má sún àga Bàbá. Ẹ̀yin náà, ẹ má kúrò lórí àpótí yín. Kí Ṣẹ́gun wá tẹ orin ìkórè yẹn, kí ẹ̀yin máa bó ọsàn yín lọ.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín àti ti Bàbá sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú á rí ojú láyọ̀. Mo kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Tí orin náà bá ti parí, Màmá, ẹ ránṣẹ́ sí olórí akọrin. Ẹ ní ẹ ti rí obìnrin tí yóò dá orin ìkórè.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀