Ohun Tí LaVonne Ń Ṣe Nínú Abà Wendell

                                                  14, Pine Street,
                                                  Vesper Lake,
                                                  Minnesota.
                                                  12 Oṣù Kẹta, 1996.

Corinne, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni oòrùn Arizona? Ṣé ara le? Orúnkún ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé orí koríko gidi ni ẹ ti ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, ẹ ò sì rántí àwa tí yìnyín ti sé mọ́lé láti oṣù kọkànlá. Àlàáfíà ni a wà, àyàfi pé ọkàn mi kò balẹ̀, ẹjọ́ ara mi ni mo sì fẹ́ rò fún ọ.

O mọ LaVonne, ẹnìkejì mi nínú ìdíje gọ́ọ̀fù eléèyàn méjì tí a fi ń ṣí pápá lóṣù karùn-ún. Ọdún kọkànlá wa rèé. Nígbà òtútù, gbogbo Ọjọ́rú ni ó máa ń wá sí yàrá abẹ́ ilé mi, a ó dá ife kọfí dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, a ó máa rọra gbá bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀, a ó sì máa sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn. Láti ìgbà tí ọdún yìí ti wọlé, kò yọjú. Lọ́sẹ̀ kan, ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun ń ṣe kéèkì fún ṣọ́ọ̀ṣì, ohun kan náà ló sì wí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ló ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe kéèkì?

Nígbà tó yá, inú ọkọ̀ Wendell ni mo ń rí i, bàbá tó ní abà katakata lẹ́yìn ìlú. LaVonne tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíì wa mọ́tò gbé òun! Mo juwọ́ sí i níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ojú mi ló ń wò, kò dáhùn. Inú bí mi gan-an. Gbogbo wa la mọ̀ pé Wendell ta àwọ̀n sínú abà yẹn, tó ń gbá bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Mo ní ó ti tán, LaVonne ti rí ẹnìkejì mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń múra láti fi mí ṣẹ̀sín.

O mọ̀ pé ẹnì kan nínú méjì ló ń kọ orúkọ àwọn méjèèjì fún ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa kí oṣù kejì tó parí, èmi ni mo sì máa ń kọ tiwa. Mi ò dúró kí ó já mi sílẹ̀. Mo kọ orúkọ Darlene, ìyàwó akọ̀wé ẹgbẹ́, mọ́ tèmi dípò tirẹ̀.

Lánàá ni mo lọ sí abà náà. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí olè, mò ń gbọ́ gbàù, gbàù.

“Ó bà á dáadáa! Tún un gbá, ìyá arúgbó,” Wendell ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

“Ìwọ tí eyín ẹ ò pé mẹ́wàá mọ́? Gbé bọ́ọ̀lù míì síbẹ̀, jàre!” LaVonne ló dá a lóhùn.

Mo ti ilẹ̀kùn wọlé, mo ní ẹnìkejì tuntun náà dà? Wendell wo ilẹ̀. LaVonne kọjú sí mi, ó ní, “Ta nìyẹn?” Corinne, ibi tí mo dúró sí kò jìnnà sí i ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ.

Ojú rẹ̀ ni. Àárín ohun tó bá ń wò ti ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ ló kù tó ń rí, dókítà sì ní kò ní í padà sípò. Nínú àwọ̀n, ìró ló fi ń mọ̀ bí òun bá gbá a dáadáa, nítorí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ṣùgbọ́n kò rí ife kọfí orí kápẹ́ẹ̀tì mi mọ́. Ó ní ìtìjú ló jẹ́ kí òun máa sá fún mi.

“Marlys, mo ṣì lè gbá a,” ó ní. “Ìwọ ṣáà máa sọ ibi tó bọ́ sí fún mi. Ṣé o ti kọ orúkọ wa?”

Mo ní mo ti kọ ọ́.

Mi ò sùn dáadáa lánàá. Mo kórìíra ara mi. Sátidé ni wọ́n máa lẹ ìwé orúkọ mọ́ ògiri ilé ẹgbẹ́, Darlene sì ti ra ṣòkòtò tuntun torí ìdíje náà. Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n má tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn. Bí mo bá ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, ilé Darlene ni mò ń lọ láti bẹ̀ ẹ́ kí ó fi àyè náà sílẹ̀ fún LaVonne. Bó bá kọ̀, èmi fúnra mi ni màá lọ sọ fún LaVonne kí Sátidé tó dé, nítorí bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹlòmíì ni yóò kà á fún un.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
                                                  Marlys.